Wáyà tí kò ní ìwé: ohun tí òfin ń wá lọ́wọ́ ẹni tó ń ra bàbà àlòkù

Bí wọ́n bá gé wáyà lórí òpó lóru ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó gé e kì í sábà bọ́ sọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wáyà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá máa ń bá ni oníṣòwò irin àlòkù tó gbé àpò wáyà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ pé òun rà á ni, òun ò jí i. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí òfin fìyà jẹ ènìyàn torí pé wọ́n bá wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i lórí òpó?

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbòmíràn, ilé ẹjọ́ ló dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ọ̀nà tí òfin orílẹ̀-èdè wa, Benin, gbà yàtọ̀ sí tiwọn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra bàbà tàbí tó ń tà á mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa, torí ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀.

Ìdí tí wáyà fi le ju ẹrù mìíràn lọ

Kí adájọ́ tó lè pe ènìyàn ní olè, agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹrù náà ní olówó, pé olówó rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀, àti pé ẹni tó dúró níwájú ilé ẹjọ́ yìí gan-an ló mú un. Alùpùpù ní nọ́ńbà lára. Tẹlifóònù alágbèéká ní nọ́ńbà nínú. Wáyà bàbà kò ní nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ iná lè mọ iye mítà tó sọnù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé wáyà tí wọ́n ti ká sínú àpò síwájú rẹ̀, kò ní lè búra pé èyí gan-an ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá ìṣòro yìí pàdé tipẹ́. Nínú òfin tí wọ́n ṣe lórí ẹrù ìjọba ní ọdún 1875, wọ́n to àwọn àmì tí a ó fi mọ ohun tó jẹ́ ti ìjọba. Ní ti okùn, àmì náà ni òwú funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ mìíràn tí wọ́n hun mọ́ ọn láti inú. Ẹ gé okùn náà sí wẹ́wẹ́, òwú náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti ṣàlàyé fún ilé ẹjọ́ bó ṣe rí i. Àmọ́ bàbà tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo látòkè délẹ̀ kò ní inú tí ẹnì kan lè hun òwú sí.

Ìwọ̀n tí Íńdíà fi dá wáyà mọ̀

Ní ọdún 1950, Íńdíà ṣe òfin kan tó dá lé wáyà tẹlígíráàfù nìkan, ìyẹn wáyà orí òpó tí wọ́n fi ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò àmì ni ìwúwo. Ní àsìkò yẹn, ìwọ̀n pọ́n-ùn nínú máìlì kan ni wọ́n fi ń pe wáyà tó wà lórí òpó tẹlígíráàfù: èyí tó wọn 150, èyí tó wọn 200 àti èyí tó wọn 300. Òfin náà sọ pé wáyà bàbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà láàárín 147 sí 153, tàbí 196 sí 204, tàbí 294 sí 306 nínú máìlì kan, wáyà tẹlígíráàfù ni. Bí ilé ẹjọ́ bá sì ní ìdí láti gbà pé wáyà tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹnì kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlígíráàfù, tàbí pé ó ti jẹ́ tirẹ̀ rí, ẹni náà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀nà tó bófin mu ni òun gbà ní in. Bí kò bá lè fi í hàn, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún ń dúró dè é.

Iṣẹ́ ìwọ̀n yìí kò le, ó sì wúlò títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ mọ irú wáyà tí wọ́n gbé wá bá a. Ẹ mú wáyà kan ṣoṣo, ẹ na án kó tọ́, ẹ bó awọ ara rẹ̀ bó bá ní, kí ẹ sì fọ ìdọ̀tí àti ìpẹtà aláwọ̀ ewé kúrò. Ẹ wọn mítà kan, ẹ gé e, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Iye gíráàmù tó bá jáde, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.55, èsì rẹ̀ ni iye pọ́n-ùn nínú máìlì kan. Wáyà 150 máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 42 nínú mítà kan, ìbú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2.5. Ti 200 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 56, ìbú rẹ̀ tó 2.8. Ti 300 sún mọ́ gíráàmù 85, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 3.5.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìwọ̀n ọjà, èyí tó ń fo gíráàmù márùn-ún márùn-ún. Ààyè tí òfin yẹn fi sílẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Lórí wáyà 200, èyí jẹ́ gíráàmù kan péré nínú mítà kan. Bí ìwọ̀n yín kò bá lè ka gíráàmù kan, mítà mẹ́wàá ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ fi mẹ́wàá pín in.

Ẹ wò ó bí ààyè náà ṣe tóótó tó. Wáyà ilẹ̀ tí àwọn oníná ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, bàbà ẹlẹ́yọ kan tí ojú ibi tí wọ́n gé e jẹ́ mìlímítà 6 níbùú lóròó (kì í ṣe ìbú rẹ̀), máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 53 nínú mítà kan, tí í ṣe 189 pọ́n-ùn nínú máìlì. Ojú lásán kò lè fi í yàtọ̀ sí ti tẹlígíráàfù, síbẹ̀ kò wọnú òfin náà. Wáyà ilé tó wọ́pọ̀ kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn: èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5, tí òun náà jẹ́ ìwọ̀n ojú ibi gígé, kò ju gíráàmù 22 lọ, 1.5 sì wà ní nǹkan bíi 13.

Ibi tí òfin yìí dára sí náà ni ibi tó ti kùnà. Okùn tẹlifóònù abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe wáyà nípọn kan. Ọ̀pọ̀ wáyà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ní méjì méjì, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.4 tàbí 0.5, tí awọ wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n sì máa ń fi gírísì kún àárín wọn kí omi má bàa wọlé. Ẹyọ wáyà 0.4 kan kò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ nínú mítà kan. Ṣùgbọ́n okùn tó ní orí ọgọ́rùn-ún méjì irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní ju gíráàmù 220 bàbà lọ nínú mítà kan. Èyí ni olè ń wá, òfin ọdún 1950 kò sì lè fọwọ́ kàn án rárá, torí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá sì ti yọ́ wáyà, ìwọ̀n dópin nìyẹn. Ooru tó bá ti kọjá 1085 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ti tó láti sọ bàbà di omi, kò sì sẹ́ni tó lè wo òkúta bàbà kó sọ ìbú wáyà tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Íńdíà fúnra rẹ̀ rí i. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ẹrù ojú irin ní ọdún 1966 kò ka ìwúwo mọ́. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ti iléeṣẹ́ ojú irin ló wọ̀ ọ́. Wọ́n dá iṣẹ́ tẹlígíráàmù dúró ní oṣù Keje ọdún 2013. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2023, ilé aṣòfin wọn fagi lé òfin wáyà ti 1950 pẹ̀lú àwọn òfin àtijọ́ mìíràn tí kò wúlò mọ́.

Ta ni yóò gbé ẹrù ẹ̀rí?

Ẹni tí òfin bá sọ fún pé kó wá fi hàn pé òun kò jẹ̀bi ti wà nínú ewu, bó tiẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ra irin àlòkù kò kàwé, wọn kì í sì í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọdé tó gbé kílò méjì wá. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 1955 kan sọ pé ẹni tó bá gba ẹrù olè gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ìdí tó tọ́ láti gbà pé ẹrù náà mọ́. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé èyí pọ̀ jù. Wọn kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bó bá ti mú ẹ̀rí wá tó jẹ́ kí iyèméjì tó nídìí wà, ó tó. Kò pọn dandan kó borí ìjọba. Ìdájọ́ tó dára ni. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, orílẹ̀-èdè yẹn kan náà gbé ìyà lé ẹni tó ń ba okùn iná, ojú irin àti tẹlifóònù jẹ́: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó 30 ọdún. Èyí fi hàn pé a lè fi ìyà líle jẹ olè láìgbé ẹrù ẹ̀rí ka orí ẹni tí kò jalè.

Benin ti sọ tirẹ̀ láti ìpilẹ̀. Abala 17 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi títí ìgbẹ́jọ́ ní gbangba yóò fi dá a lẹ́bi. Ìlànà Faransé ni òfin wa gbà wọlé ní ti wáyà, ti Faransé sì dojú kọ ẹni tó gé e ju ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Nínú àṣẹ tí Faransé pa ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gé wáyà tẹlígíráàfù tí iṣẹ́ fi dúró yóò lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, yóò sì san fránkì 100 sí 1000.

Ẹni tó ra wáyà náà ńkọ́? Ẹ̀sùn tó ń kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin wa ni gbígba ẹrù olè, èyí tí àwọn kọmísáríà ń pè ní recel. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí òfin tó dé: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n recel ní ohun kan nínú tí òfin Íńdíà kò ní: agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni tó rà á mọ̀ pé ẹrù olè ni.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbọ́ èyí, wọ́n rò pé bí àwọn bá ti sọ pé “mi ò mọ̀”, ó parí. Kò parí. Adájọ́ kò lè wo inú ọkàn, ohun tó yí rírà náà ká ló máa ń wò. Ṣé òru ni wọ́n gbé e wá? Ṣé owó rẹ̀ kéré sí ti ọjà lọ́nà tí kò bójú mu? Ṣé gígùn wáyà náà dọ́gba, bí ohun tí wọ́n gé láàárín òpó sí òpó? Ṣé ojú ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ tánńganran orí òpó ṣì hàn? Ṣé wọ́n ti sun awọ rẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń ṣe ẹlẹ́rìí jù. Oníná tó tú wáyà ilé kan kúrò kì í sábà ní ìdí láti sun awọ rẹ̀, torí bàbà tí iná sun máa ń dúdú, owó rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sun ún lè fẹ́ kí àwọ̀ àti orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára awọ náà pòórá. Èéfín rẹ̀ tún jẹ́ ewu fúnra rẹ̀: awọ oníke tí wọ́n ń pè ní PVC tó ń jóná ń tú gáàsì tó ń jẹ ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yẹ kí ọmọ kankan wà nítòsí rẹ̀.

Ìwé ni ààbò oníṣòwò

Níbi tí ìṣòro yìí ti dínkù, ìwé àkọsílẹ̀ ló ṣe é. Ní Faransé, ẹni tó ń ra ohun àlòkù tí kò kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura àti 30,000 yúrò. Láti ọdún 2011 ni wọ́n sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó ọwọ́ ra irin àlòkù mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fòfin de owó ọwọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Òfin wọn ti 2013 sì ní kí oníṣòwò gba ìwé àṣẹ, kó wádìí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń tà, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n lé kúrò ní ọjà ni owó tí kò ní ojú.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń ra irin lẹ́bàá ọjà Wàǹdó lè ṣe irú èyí láìdúró de òfin tuntun. Ìwé ńlá kan tí wọ́n ti to nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀ ti tó, kí ẹnikẹ́ni má bàa fà á ya. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó tà á bó ṣe wà nínú káàdì rẹ̀ tàbí nínú ìwé ìdánimọ̀ tí ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìdánimọ̀ aráàlú, fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà ibẹ̀, kì í ṣe orúkọ tó fẹnu pè. Ẹ wọn ẹrù lójú rẹ̀, kí ẹ kọ kílò rẹ̀ àti irú rẹ̀: bàbà tó mọ́, bàbà tí iná sun, okùn tó ṣì wà nínú awọ. “Irin oríṣiríṣi” tí àwọn kan máa ń kọ kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní kọmísáríà. Ẹ ya àwòrán ẹrù náà kí ẹ tó da á pọ̀ mọ́ tàná. Owó orí fóònù, bíi MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash, ni kí ẹ fi sanwó, torí ìsanwó yẹn ń fi nọ́ńbà, wákàtí àti iye sílẹ̀ níbi tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè pa á rẹ́. Kí ẹ sì ya ẹrù bàbà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó tà á síwájú. Bí iléeṣẹ́ kan bá wá béèrè, ó ṣì wà ní bó ṣe wà.

Ẹni tó bá kọ̀ láti fi káàdì hàn, ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bàbà àpò kan kò tó ohun tí ẹjọ́ yóò ná yín.

Ohun tí gígé kan ń fà

Àwọn kan ń wo wáyà jíjí bí ọ̀rọ̀ láàárín olè àti iléeṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo tiransfọ́má àdúgbò. Wáyà mẹ́ta ń gbé iná jáde, ìkẹrin sì ni neutre, èyí tí iná ń gbà padà. Láàárín wáyà oníná kan àti neutre, fólítì 230 ló wà, òun ló sì ń wọ ilé. Láàárín wáyà oníná méjì, 400 ni. Bí olè bá gé neutre nídìí tiransfọ́má nítorí bàbà, iná kì í kú. Ìyẹn gan-an ló burú. Ilé tó wà lórí wáyà kìíní àti èyí tó wà lórí ìkejì di ẹni tó ń pín fólítì 400 láàárín ara wọn, wọn kò sì pín in dọ́gba. Ilé tó tan áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù yóò gba díẹ̀, gílóòbù rẹ̀ yóò máa ràn bàìbàì. Ilé tó tan tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù kan ṣoṣo ni fólítì yóò ru gùdù lé lórí, ó lè kọjá 300, tẹlifíṣọ̀n yóò sì jóná. Bí gílóòbù bá ń ràn jù ní ilé kan, tó sì ń ṣe bàìbàì ní ilé kejì, ẹ má dúró wò ó: ẹ pa iná láti orí mítà, kí ẹ sọ fún aládùúgbò, kí ẹ sì pe SBEE, iléeṣẹ́ iná ilẹ̀ wa.

Wáyà ilẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lára òpó tiransfọ́má náà jẹ́ bàbà, ọwọ́ sì máa ń tó o láti ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó mànàmáná lọ sínú ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ pé wọ́n ti gé e títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

Fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, ló bani nínú jẹ́ jù. Dígí ni, kò ní bàbà nínú. Síbẹ̀ olè ń gé e torí pé láti ìta ó jọ okùn tẹlifóònù, wọ́n á sì jù ú sínú koto nígbà tí wọ́n bá rí inú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn: òṣìṣẹ́ ní láti fi ẹ̀rọ tó ń rán ìmọ́lẹ̀ wá ibi tó ti já, kó fà á jáde, kó gé ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú, kó fi iná yọ́ wọn pọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kó sì tún wọn wò. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilé ìwòsàn, báǹkì àti mẹ́rì tó wà lórí okùn náà lè máa dúró.

Ààlà Kétu

Láti Kétu dé Ìlárá tó wà lẹ́nu ààlà Nàìjíríà kò jìnnà, ẹrù sì ń kọjá lójoojúmọ́. Èyí ló ń mú kí òfin orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo máa jò. Kẹ́ńyà dá gbogbo òwò irin àlòkù dúró ní oṣù Kínní ọdún 2022 lẹ́yìn tí wọ́n ba òpó iná jẹ́, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Karùn-ún. Àwọn olóòótọ́ tó ń jẹun nínú òwò náà ni ebi kọ́kọ́ pa. Gúúsù Áfíríkà ti ibodè ní tirẹ̀: ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fòfin de kíkó bàbà àlòkù jáde. Ní Nàìjíríà, ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ kan ní ọdún 2024 tó ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ sí ohun tó ṣe pàtàkì fún orílẹ̀-èdè, tí bíbà á jẹ́ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá ra wáyà láti òdì kejì ààlà láìní ìwé lè bá ara rẹ̀ lábẹ́ òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn oníná tó ń tú wáyà àtijọ́ nílé onílé náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gba ìwé kékeré lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó kúrò: orúkọ rẹ̀, ibi tí ilé wà, ọjọ́, iye kílò tó fún yín, àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ẹni tó ra wáyà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń pààrọ̀ ohun èlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n fi tà á, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, tó sì sọ iye kílò àti irú okùn. Bí ẹ bá tà lára rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà fún ẹni tó rà á, kí ẹ kọ iye kílò tó kù sẹ́yìn ìwé tiyín.